Ààbò ilé tí ẹ lè máa wò láti òkèèrè: ìbéèrè tí àwọn ará Òṣogbo máa ń bi wá, àti ìdáhùn wa

Ìsọ̀ wa wà ní Òkè-Fìà, iṣẹ́ kámẹ́rà àti àláàmù ilé la sì ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá bá wa ló ti pinnu kó tó dé: ó ti rí kámẹ́rà lára ilé aládùúgbò, irú rẹ̀ gan-an ló fẹ́. Kí ẹ tó náwó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá nísọ̀ àti lórí WhatsApp la kó jọ.

Kámẹ́rà wo ló dára jù?

Kí a tó dé orí ìyẹn, àwa náà ní ìbéèrè kan tí a kọ́kọ́ máa ń bi oníbàárà. Bí fóònù yín bá dún ní aago méjì òru pé ẹnì kan ti fo fẹ́ǹsì wọlé, tí ẹ̀yin sì wà ní Àbújá, ta lẹ máa pè? Tí ẹ bá pè é, ṣé á gbé e? Tó bá gbé e, ṣé ó lè dé ilé yín kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé? Ṣé ó ní tọ́ọ̀ṣì, ṣé ó mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ṣé ajá yín mọ̀ ọ́n?

Kámẹ́rà ò lè di olè mú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ta yín lólobó, kó sì tọ́jú ojú ẹni tó wọlé pamọ́. Ẹni tó máa dìde lọ wò ó, ẹ̀yin lẹ máa wá a. Nítorí náà, ẹ mú bébà, kí ẹ kọ orúkọ èèyàn mẹ́ta àti nọ́ńbà wọn síbẹ̀: aládùúgbò kan tí kì í pa fóònù lóru, alága tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, àti olórí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò. Nọ́ńbà pajáwìrì 112 wà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní ojúlé kejì ló máa kọ́kọ́ dé. Tí ẹ ò bá rí orúkọ kankan kọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi owó kámẹ́rà yẹn tún ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn àti irin ojú fèrèsé ṣe.

Lẹ́yìn èyí la lè wá sọ̀rọ̀ orúkọ. Hikvision àti Dahua la sábà máa ń rí nínú àwọn oníwáyà; EZVIZ, Imou àti Tapo nínú àwọn tó ń lo Wi-Fi. Gbogbo wọn ló ní áàpù tiwọn lórí fóònù. Ohun tí àwa máa ń wò ni pé ṣé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì ń ṣàtúnṣe sí sọ́fítíwíà rẹ̀, ṣé a lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà nítòsí tó bá bàjẹ́, ṣé wọ́n kọ IP66 tàbí IP67, àmì pé eruku àti omi òjò ò lè wọ inú rẹ̀, sára rẹ̀ tó bá jẹ́ pé inú òjò ló máa wà. Èyí tí kò ní orúkọ kankan lára páálí rẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, a kì í gbé e kọ́ ilé ẹnikẹ́ni.

Láti òkèèrè, kí ni mo lè ṣe gan-an?

Ẹ lè wo ilé bó ṣe wà ní ìṣẹ́jú tí ẹ ṣí fóònù. Ẹ lè padà lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá tàbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ lè fa ìlà sójú àwòrán, pé tí èèyàn bá ti kọjá ibẹ̀, kí fóònù yín dún. Tí kámẹ́rà náà bá ń gbọ́ ohùn, tó sì ń fọhùn, ẹ lè bá ẹni tó wà lẹ́nu géètì sọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn bíi pé ẹ wà nílé. Ẹ lè fọn fèrè àláàmù, ẹ sì lè tan iná ìta.

Èyí tó ń ṣí géètì láti orí fóònù náà wà, ṣùgbọ́n a kì í gba oníbàárà níyànjú láti rà á. Tí wọ́n bá já fóònù yẹn gbà lọ́wọ́ yín ní ọjà Ìgbọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ilé yín ni wọ́n já gbà.

Iná kì í dúró ládùúgbò wa. Ṣé owó mi ò ní ṣòfò báyìí?

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nìyí, òun ni a sì máa ń fi àkókò tó pọ̀ jù dáhùn. Ibi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, Òṣogbo níbí ló wà, síbẹ̀ kò sí àdúgbò tí NEPA kì í mú iná lọ. Kámẹ́rà tó bá ń kú nígbà tí iná bá lọ ń sùn ní wákàtí tí ẹ ní kó ṣọ́lé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Kámẹ́rà kan lè jẹ wáàtì 5 lóru, nígbà tí iná tó fi ń ríran nínú òkùnkùn bá ń ṣiṣẹ́. Mẹ́rin jẹ́ 20. DVR tó ń ká àwòrán sílẹ̀, pẹ̀lú hard disk inú rẹ̀, ẹ fi 15 sí i. Ráútà, ẹ fi 10. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 45. Bátìrì 12V, 100Ah gba 1,200 wáàtì-wákàtí. Tó bá jẹ́ olómi tàbí oníjẹ́ẹ̀lì, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ máa lò kó lè pẹ́ fún yín. 600 nígbà tí a bá fi 45 pín in, ó lé díẹ̀ ní wákàtí 13. Ínfátà fúnra rẹ̀ máa jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ fọkàn sí wákàtí 10 tàbí 11. Ilẹ̀ á ti mọ́ nìyẹn. Bátìrì lithium tó tóbi bákan náà lè fún yín ní wákàtí 18.

Bátìrì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti kámẹ́rà nìkan. Oníbàárà wa kan ní Ọ̀ta-Ẹfun ní ínfátà ńlá, ó sì ní ká so kámẹ́rà pọ̀ mọ́ ọn. A so ó. Nínú ọ̀sẹ̀ kejì, iná lọ lálẹ́ Sátidé. Àwọn ọmọ wo bọ́ọ̀lù tán, fáànù mẹ́ta ń yí, fíríìsà ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n jí láàárọ̀, jẹnẹrétọ̀ ò sí ní ẹ̀yìnkùlé mọ́, wọ́n ti gé ṣéènì rẹ̀. Ọ̀gá náà pè wá, a ṣí DVR, a sì jọ wò ó. Àwòrán tó gbẹ̀yìn ni ti ológbò kan tó rọra ń sọdá ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì ní aago 12:47. Lẹ́yìn ológbò, òkùnkùn. Láti ọjọ́ náà, a kì í fi kámẹ́rà sórí ínfátà tí fíríìjì wà lórí rẹ̀, kódà bí oníbàárà bá ní ká fi síbẹ̀. Bátìrì kékeré tirẹ̀ àti pánẹ́ẹ̀lì sólà kan tó ń rọ iná sí i lọ́sàn-án, òun la fọwọ́ sí.

Ẹ má gbàgbé ráútà. Iná lè lọ kí kámẹ́rà àti DVR ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n tí ráútà bá kú, ẹ̀yin tí ẹ wà lókèèrè ò ní rí nǹkan kan. Orí bátìrì kan náà ni kó wà.

Dátà mélòó ló máa jẹ?

Àwòrán tí DVR ń ká sílẹ̀ nínú ilé kì í jẹ dátà rárá. Dátà ń lọ nígbà tí ẹ bá ṣí fóònù láti wo ilé, tàbí tí kámẹ́rà bá ń kó àwòrán lọ pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kámẹ́rà tó ń fi mẹ́gábíìtì 1 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan máa jẹ 450MB ní wákàtí kan. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, ó di 10.8GB ní ọjọ́ kan. Mẹ́rin bẹ́ẹ̀ lè gbẹ dátà oṣù kan kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Oríṣi àwòrán méjì ni kámẹ́rà tó dáa máa ń fi ránṣẹ́: èyí tó mọ́ kedere fún DVR, àti èyí tó fúyẹ́ fún fóònù. Ẹ ní kí wọ́n to èyí kejì yẹn sí 512 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí kó kéré sí i. Wákàtí kan rẹ̀ ò ju 230MB lọ, ó sì máa ń ṣí kíákíá kódà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà. Fún ẹni tó ń wo ilé fún ìṣẹ́jú mélòó kan lójúmọ́, dátà kékeré tó.

Kí ẹ tó ra síìmù fún ráútà, ẹ yá ti MTN, Airtel àti Glo lọ́wọ́ àwọn ará ilé, kí ẹ fi wọ́n yẹ ibi tí ráútà máa wà wò, lọ́sàn-án àti ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo ayé wà lórí ẹ̀rọ. Èyí tó yára ní Ògo-Olúwa lè má gbéra ní Òkè-Baálẹ̀.

Ẹnì kan sọ fún mi pé mo gbọ́dọ̀ ṣí port nínú ráútà. Kí nìyẹn?

Ìlẹ̀kùn kan ni wọ́n ń ṣí nínú ráútà, kí fóònù tó wà níta lè gbà á wọlé dé ọ̀dọ̀ DVR. Ọ̀nà àtijọ́ ni, kò sì ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ ráútà onísíìmù. Ẹ wò ó bí agboolé: nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà lára ògiri ìta, ogún ìdílé ló ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ìta wá pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn nìkan ò lè mọ yàrá tó máa kan. Bí àwọn ilé iṣẹ́ síìmù ṣe to àdírẹ́sì wọn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń pín ẹyọ kan. Ohun tí àwọn ẹ̀rọ òde òní ń ṣe ni pé DVR fúnra rẹ̀ máa jáde lọ dúró síbi kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fóònù yín náà máa lọ síbẹ̀, wọ́n á sì pàdé. Ẹ ò ní ṣe ju kí ẹ fi fóònù ya kóòdù onígun mẹ́rin tó wà lára ẹ̀rọ lọ.

Kódà níbi tí port ti ṣeé ṣí, ẹ má ṣí i. Ilẹ̀kùn tí ẹ ṣí fún ara yín ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ṣé ẹlòmíràn ò lè máa wo ilé mi?

Ó lè ṣẹlẹ̀. Ní 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai wọ inú ọ̀kẹ́ àìmọye kámẹ́rà, DVR àti ráútà káàkiri ayé. Kò lo ọgbọ́n ńlá kankan: pásíwọ́ọ̀dù tí ilé iṣẹ́ fi sínú ẹ̀rọ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, tí àwọn tó rà á ò yí padà, ló ń dán wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kejì 2024, àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ kámẹ́rà kan ní Amẹ́ríkà, bíi 13,000, ṣí áàpù wọn, wọ́n bá àwòrán ilé ẹlòmíràn níbẹ̀. Èyí ò ní kí ẹ má ra kámẹ́rà. Ó kàn túmọ̀ sí pé kí ẹ má gbé e sí yàrá tí ẹ ti ń bọ́ṣọ tàbí balùwẹ̀, torí ohun tí kámẹ́rà ò rí ò lè tú síta.

Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ wa, àjèjì láti òkè òkun kọ́ ni wàhálà tí a máa ń bá pàdé. Ẹni tó so kámẹ́rà náà fún oníbàárà ni. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ẹ fi í ṣe àpẹẹrẹ: ẹni tó so kámẹ́rà fún yín lo ímeèlì tirẹ̀ láti fi orúkọ ẹ̀rọ sílẹ̀, ó wá pín in fún yín. Lójú yín, ẹ ń wo ilé yín, ó parí. Lójú áàpù, òun ló ni ẹ̀rọ, àlejò lẹ̀yin. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé tàbí tó bá kó kúrò nílùú, ẹ ò lè yọ ọ́, ẹ ò sì lè fi orúkọ ara yín sí i títí ẹ máa fi bá ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ̀rọ̀. Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lóṣù la máa ń rí ilé bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí iṣẹ́, ẹ jókòó ti oníṣẹ́. Ẹ fi ímeèlì tiyín ṣí àkáǹtì náà, lórí fóònù tiyín. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ tẹ pásíwọ́ọ̀dù, kó má jẹ́ ọjọ́ ìbí, kó má jẹ́ orúkọ àkọ́bí. Ẹ yí ti DVR, ẹ yí ti Wi-Fi. Ẹ jẹ́ kí áàpù máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí yín tí wọ́n bá fẹ́ ṣí i lórí fóònù mìíràn. Ẹ wo orúkọ gbogbo àwọn tí ẹ pín kámẹ́rà fún lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ẹni tí kò bá sí nílé mọ́, ẹ yọ ọ́. Oníṣẹ́ tó bá ń bínú sí èyí, ẹ san owó rẹ̀, kí ẹ má pè é mọ́.

Màmá mi nìkan ló ń gbé ilé wa ní Òṣogbo, mo sì wà ní Kánádà. Kí lẹ rò pé mo lè ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n, kí ẹ bi wọ́n. Ilé wọn ni.

A gbé kámẹ́rà sí pálọ̀ màmá kan nígbà kan rí, nítorí ọmọ wọn ní òun fẹ́ máa rí wọn lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọmọ náà pè wá: kámẹ́rà ti bàjẹ́, gbogbo alẹ́ ló máa ń dúdú láti aago meje. Nígbà tí a débẹ̀, ìborùn aláwọ̀ ewé kan ló wà lórí kámẹ́rà, wọ́n ti fi pín-ìn-nì dè é dáadáa. Màmá wò wá, wọ́n ní, “Ṣé n ò ní lè tú ìró mi nínú ilé ara mi mọ́ ni?” Ojú tì wá. Ọjọ́ yẹn náà la gbé e kúrò lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó kọjú sí ìlẹ̀kùn ìta. Báyìí, ọmọ ń rí ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde, ó ń rí màmá wọn nígbà tí wọ́n bá ń lọ gba atẹ́gùn níwájú ilé, màmá sì ń jókòó ní pálọ̀ wọn bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n ti ká ìborùn náà.

Fún àgbàlagbà tó ń dá gbé, bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n lè fi kọ́ ọrùn tàbí kọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì sàn ju kámẹ́rà mẹ́ta lọ. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, fèrè á dún, fóònù yín àti ti aládùúgbò á dún pọ̀. Ẹ bá wọn tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kó lè mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ohun kan sì wà tí àwọn tó wà ní ìhà ọ̀hún kì í rántí. Nígbà tí aago méjì òru bá lù ní Òṣogbo, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló lù ní Toronto nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, mẹ́jọ ní ìgbà òtútù. Ẹ̀yin ò tíì sùn ní wákàtí tí ilé ń sùn. Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ò ní àǹfààní yẹn, torí àwa àti wọn la jọ ń sùn. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tí ẹ tàn káàkiri, kí ti Kánádà gba òru, kí èyí tó wà nílé gba ọ̀sán. Kí gbogbo yín ní nọ́ńbà aládùúgbò kan náà, kí aládùúgbò náà sì mọ ohùn yín. Ẹ máa pè é lójú dídùn, kó má jẹ́ ìgbà tí olè bá dé nìkan.

Oníwáyà àbí aláìníwáyà?

Tí ilé ṣì ń lọ lọ́wọ́, tí wọn ò tíì rẹ́ ẹ, ẹ lo waya. Tí ẹ bá ń háyà ilé, ẹ lo Wi-Fi.

Nípa waya, ẹ fi abẹ ha ojú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Tí inú rẹ̀ bá pọ́n títí, bàbà ni. Tó bá funfun lẹ́yìn tí ẹ ha á, àlùmínọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Kò pẹ́ tó máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kámẹ́rà á máa kú, á máa jí lóru. Waya nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbọ́dọ̀ ju mítà 100 lọ. Tó bá jẹ́ Wi-Fi, ẹ rántí pé ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ti tó láti pa á. Ẹ gbé fóònù lọ síbi tí kámẹ́rà máa wà, kí ẹ sì wò ó bóyá fídíò ń ṣí níbẹ̀ kí wọ́n tó lu ògiri.

Níbo la máa gbé DVR sí?

Kó má jẹ́ abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, abẹ́ tẹlifíṣọ̀n la máa ń gbé e sí torí ó rọrùn láti so. Àwọn olè wọ ilé oníbàárà wa kan ní Ayétòrò, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì gbé DVR tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ojú wọn wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n gbé lọ. Àṣìṣe wa ni, a sì san owó DVR mìíràn fún un.

Inú kọ́ńbọ́ọ̀dù yàrá, nínú àpótí onírin tó ní ihò fún atẹ́gùn, tó sì ní àgádágodo, la ń gbé e sí báyìí. Kì í ṣe òkè àjà, ooru abẹ́ páànù máa ń pa hard disk. Kámẹ́rà ẹnu géètì, a máa ń fi mẹ́mọ́rì kádì sínú òun fúnra rẹ̀, kí ẹ̀dà kejì lè wà.

Ọjọ́ mélòó ni àwòrán máa wà kó tó parẹ́?

Kámẹ́rà mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ká mẹ́gábíìtì 2 sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tọ̀sán-tòru, máa kún 1TB ní ọjọ́ 11, ó sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í pa èyí tó pẹ́ jù rẹ́. Ẹni tó ń lọ sílé fún Kérésìmesì àti ọdún tuntun, tó sì máa lò ju ọjọ́ 11 lọ níbẹ̀, nílò 2TB. Ẹ ra hard disk tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà; ti kọ̀ǹpútà kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Fóònù mi ń dún ní gbogbo òru, mo ti pa á. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tan án padà. Àláàmù tí wọ́n pa kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, aláǹtakùn ló fà á. Iná tí kámẹ́rà fi ń ríran lóru máa ń tàn sára òwú rẹ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á fẹ́ ẹ, ẹ̀rọ á rí nǹkan funfun tó ń mì níwájú rẹ̀. Kòkòrò tó ń yọ lẹ́yìn òjò náà ń ṣe é. Ẹ fi ìgbálẹ̀ onígi gígùn gbá ojú kámẹ́rà lọ́sẹ̀ méjì-méjì, bí ẹ ṣe ń gbá òkè ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú áàpù, kí ẹ yàn án pé èèyàn nìkan ni kó máa ta yín lólobó nípa rẹ̀, kí ẹ sì yí ìlà tí ẹ fà padà, kó má kan ọ̀nà tí ọ̀kadà ń gbà kọjá tàbí ẹ̀ka ìgi máńgòrò.

Ṣé mo lè lo àláàmù láìsí kámẹ́rà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dára fún ilé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti gbé fídíò. Àpótí kékeré kan ni, síìmù wà nínú rẹ̀. Irin mágínẹ́ẹ̀tì wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ojú kan sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń mọ ooru ara èèyàn tó ń rìn. Tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, fèrè á dún, àpótí á sì pe nọ́ńbà tí ẹ fi sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò nílò dátà. Síìmù náà gbọ́dọ̀ wà lórí NIN yín, kí owó ìpè sì wà lórí rẹ̀. Ẹ máa fi pe ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n má baà tì í.

Olójúlé ni ilé wa. Ṣé onílé lè gbé kámẹ́rà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀?

Ẹnu géètì àti ìta ilé, kò burú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ìlẹ̀kùn yàrá àwọn ayálégbé kọjú sí, ẹ pe ìpàdé kí ẹ tó ṣe é. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ilé ẹni, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 náà sì wà. Kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ rí inú yàrá, kò gbọ́dọ̀ rí ibi ìwẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìnkùlé ilé kejì. Ẹ̀rọ wa ní ibi tí a ti lè fi nǹkan dúdú bo apá kan àwòrán. Ẹ ní kí oníṣẹ́ bá yín lò ó. Ìsọ̀ àti ilé ìgbàlejò, ẹ lẹ bébà mọ́ ògiri pé kámẹ́rà wà. Ayálégbé tó bá fẹ́ fi tirẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀, kó tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé.

Ṣé ilé ẹjọ́ máa gba fídíò náà?

Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011 fàyè gba ohun tó ti inú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn. Tiyín ni pé kí ẹ má fọwọ́ kan DVR ju kí ẹ ká ẹ̀dà méjì sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà, kí ó tó kún tó sì pa á rẹ́. Kí aago inú rẹ̀ pé. A ti rí fídíò tó mọ́ kedere, ojú olè hàn ketekete, àmọ́ ọjọ́ tó wà lókè rẹ̀ jẹ́ January 2000, nítorí ẹnikẹ́ni ò tún aago ẹ̀rọ ṣe láti ìgbà tí bátìrì rẹ̀ ti kú.

Mànàmáná ńkọ́?

Láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá, ó máa ń jó kámẹ́rà. Ẹ ri irin ẹ́ẹ̀tì (earth) mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń gba ìkọlù iná sí ẹnu DVR, ẹ má sì so waya kámẹ́rà mọ́ òpó irin kan náà pẹ̀lú èríà tẹlifíṣọ̀n.

Èló ni gbogbo rẹ̀?

A kì í kọ iye síbí, torí ó ń yí pẹ̀lú dọ́là. Ṣùgbọ́n bí owó yín bá kéré, ẹ má ra kámẹ́rà mẹ́jọ. Ẹ ra méjì tó dáa, ọ̀kan fún géètì, ọ̀kan fún ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ẹ fi ìyókù ra bátìrì àti waya bàbà gidi. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ lè fi kún un. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ara ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú páálí rẹ̀.

Ṣé ẹ máa ń wá wo ilé kí a tó sanwó?

A máa ń wá, lálẹ́. Lọ́sàn-án, gbogbo ilé ló mọ́lẹ̀, gbogbo aládùúgbò ló wà níta. Ẹ jẹ́ ká wá ní aago mẹ́jọ, lẹ́yìn tí iná ti lọ. Ọ̀kan nínú wa á dúró lẹ́nu géètì, ẹnì kejì á rìn yí ilé ká láìtan tọ́ọ̀ṣì, bí ẹni tí kò mọ ilé. Ibi tó bá ti fara sin tí a ò rí i mọ́, ibẹ̀ la máa fi ẹfun sàmì sí lára ògiri.